Àpótí Dọ́káàsì àti Ọwọ́ Mi Tí Kò Gbọ́ràn

Gbé ọwọ́ rẹ kúrò lórí máòsì yẹn, Oyèníkẹ́. Mo ní kí o gbé ọwọ́ kúrò! Bí o bá fa àwòrán yẹn jáde kúrò nínú àpò ètò kọ̀ǹpútà yẹn, n ó gbàgbé pé ìwọ ni olùkọ́, n ó sì lù ọ́ lọ́wọ́ níṣojú àwọn tí ò ń kọ́.

Ẹ rẹ́rìn-ín tán? Mo mọ ohun tí ẹ ń sọ nínú ara yín. Ẹ ní bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀ṣì, tó dé fìlà awọ ẹtu, tó ń tòògbé lórí àga, kí ló kàn án nípa fáìlì?

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni Oyèníkẹ́ wí. "Mo kàn fẹ́ gbé e síta kí ọwọ́ mi lè máa tètè tó o ni. Fáìlì lásán ni."

Fáìlì lásán! Ẹ gbọ́ ohun tó sọ? Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló wà lọ́kàn èmi náà ní ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn, ní ọjọ́ tí mo ba ayé ẹnì kan jẹ́. Ẹ pa ẹ̀rọ yín. Ẹ fa àga sún mọ́ mi. Ẹni tí ebi bá ń pa kó tètè lọ ra búrẹ́dì, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀, n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ sọ fún yín bí mo ṣe fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì rìn dé Ìlú Àfọwọ́mọ̀, àti bí mo ṣe fi ọwọ́ mi méjèèjì sọ ìrìn náà di asán.

Èmi ni Sakaráyà Ọdẹ́jọbí. Mo ti yìnbọn sí ìjì rí, ìjì sì yà fún mi. Iwin méje ti bá mi jẹun nínú àwo kan ṣoṣo, ẹran tó kẹ́yìn nínú àwo náà, èmi ni mo jẹ ẹ́. Má rẹ́rìn-ín, ìwọ tó wà lẹ́yìn yẹn, o kò sí níbẹ̀. Mo sì mọ ìwé kà dáadáa. Ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n ti fi Ìwé Mímọ́ àti ìwé orin kọ́ mi, títí mo fi lè ka ìwé fún ìjọ láìkọsẹ̀. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ yìí ni mo gbé dání lọ sí ìrìn náà, àfi ìgbọràn nìkan ni mo gbàgbé sílé.

Mo ní àbúrò obìnrin kan tó ń jẹ́ Dọ́káàsì. Ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí àìsàn gba ojú rẹ̀. Dọ́káàsì kò ríran, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó máa ń wá kiri nínú ilé. Ife omi rẹ̀ wà lápá ọ̀tún ẹní rẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ kan sí ibi tí orí rẹ̀ wà. Ọ̀pá rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Iyọ̀ wà lórí pákó kejì, ata wà lórí ìkẹta. Bó bá na ọwọ́, ohun tó ń fẹ́ ti wà níbẹ̀.

Nígbà tí a wà ní kékeré, mo máa ń yọ́ lọ gbé ife náà sún sẹ́yìn, bí ìka mẹ́rin péré, n ó sì jókòó máa wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń fọwọ́ tálẹ̀.

"Ta ló gbé ife mi?" ni ó máa ń bèèrè.

"Ewúrẹ́ ni," ni n ó wí.

"Ewúrẹ́ yìí ọlọ́gbọ́n ni o," ni yóò dáhùn. "Ó gbé ife, omi kò dà sílẹ̀." A ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹ̀rín kan náà la jọ ń rín.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwa tó ríran ń fi aṣọ nù ún, à ń bẹ̀rù rẹ̀. Dọ́káàsì ló fi ìka kọ́ ọ. Ọdún méje ló fi ṣe ètò kan sínú rẹ̀, ètò tí yóò máa ka Ìwé Mímọ́ sókè fún àwọn tí kò ríran. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n nígbà náà nínú ìlú wa.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí fún mi lọ́jọ́ kan, "ọjọ́ Ìsinmi nìkan la ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Láti ọjọ́ Ajé títí dé Àbámẹ́ta, ẹni tó bá ráyè fún wa là ń dúró dè. Ó sì ti rẹ̀ mí láti máa dúró."

Bí ètò náà ṣe ń parí ni àìsàn àyà dá Dọ́káàsì dùbúlẹ̀. Dókítà pè mí sẹ́yìn ilé, ó ní Dọ́káàsì kò ní bá wa ṣe ìkórè ọdún náà. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ kó tó lọ: kí ó gbọ́ kí àpótí rẹ̀ ka ẹsẹ tí ìyá wa máa ń kà sí wa létí, lẹ́ẹ̀kan péré.

Láyé ìgbà náà, ètò kì í jí nínú kọ̀ǹpútà àyàfi bí wọ́n bá gbé e lọ sí Ìlú Àfọwọ́mọ̀, kí Ìyá Oníbodè ibẹ̀ mí sí i. Kò sí wáyà tó dé ìlú náà. Inú igbó ni ọ̀nà rẹ̀ gbà, ọdẹ ló sì mọ igbó. Dọ́káàsì ki ọwọ́ bọ ojú kọ̀ǹpútà títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó wọ́ ètò náà jáde bí ẹni ń fa ẹja nínú odò. Lójú kọ̀ǹpútà, àwòrán kékeré kan ni. Nígbà tó bọ́ síta, àpótí ni, ó gùn tó apá mi, ó sì wúwo tó ẹtu.

"Ẹ fún mi lọ́wọ́ yín," ni ó wí. Ó ṣí ìdérí, ó sì ń fi ọwọ́ mi kan nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan. "Yàrá ńlá kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀ ìdérí. Kò gbọdọ̀ sí ohunkóhun lẹ́yìn òde yàrá yìí. Ìwé tó wà lẹ́nu ọ̀nà yìí, orúkọ àpótí àti ọjọ́ orí rẹ̀ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ jí. Nínú yàrá ńlá, ẹ rí yàrá kéékèèké mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́, Òṣìṣẹ́ ló ń gbé ibẹ̀."

Mo yọjú. Ọkùnrin kan tí kò ga ju ìka mi lọ jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun. "Ẹ kú ìmúrasílẹ̀, bàbá," ni ó wí.

"Yàrá kejì," ni Dọ́káàsì ń bá a lọ, "ti àwọn alábàáṣe tí mo yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni, àwọn tó mọ bí a ṣe ń gé ọ̀rọ̀ àti bí a ṣe ń mí láàárín rẹ̀. Yàrá kẹta ni ti ohun tí kò mí: àwòrán, lẹ́tà, àti Ohùn." Ohùn wà nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ń tàn bí oyin tí oòrùn ràn sí. "Èyí tó ń mí kò gbọdọ̀ bá èyí tí kò mí gbé yàrá kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní Àfọwọ́mọ̀."

"Ta ló ṣe òfin tó le báyìí?"

"Èmi kọ́. Ìlú wọn ni, àlejò sì ni àpótí mi níbẹ̀."

Ó pa ìdérí dé, ó da ìda gbígbóná sí ẹnu rẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Òǹtẹ̀ yìí mọ gbogbo ohun tó wà nínú àpótí, ó sì mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Ẹ má ṣí i, Ẹ̀gbọ́n mi. Bí ẹ bá ṣí i, kò sí àtàǹpàkò mìíràn láyé tó lè tún un tẹ̀." Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ má sì jẹ́ kí ewúrẹ́ sún mọ́ ọn."

Mo gbé àpótí lé orí. A gbàdúrà, mo kọ orin ìdágbére, mo sì wọ igbó.

Igbó Ìdàrúdàpọ̀ ni mo kọ́kọ́ dé. Níbẹ̀, ewé kò mọ igi tó bí i. Ìyẹ́ ẹyẹ wà lára ẹja, ìpẹ́ ẹja wà lára òkúta, orísun omi sì ń sun lórí ẹ̀ka igi. Bí mo ṣe ń lọ, ẹnu kan pariwo láti orí igi àràbà.

"Ọdẹ! Dúró níbẹ̀!"

Mo gbé ojú sókè. Ẹnu ni lóòótọ́, ẹnu nìkan, ó so mọ́ ẹ̀ka bí èso.

"Ta ni ń pè mí?"

"Èmi ni. Jùúsíbẹ̀ ni mò ń jẹ́, èmi ni mo ni igbó yìí. Wá bá mi wá ẹsẹ̀ mi òsì. Àná ni mo lò ó kẹ́yìn."

"Níbo lo fi sí?"

"Bí mo bá mọ ibi tí mo fi sí, ṣé n ó máa bá ọdẹ tó ń rùn sọ̀rọ̀? Bí o kò bá bá mi rí i kí oòrùn tó kan àtàrí, n ó jẹ ọ́."

"Ẹnu rẹ wà lókè," ni mo wí. "Ikùn rẹ tí yóò gbé mi mì ńkọ́?"

"Ikùn mi wà ní àyíká ibí náà," ni ó wí pẹ̀lú ìtìjú.

Mo rẹ́rìn-ín títí àpótí fi mì lórí mi. Ẹ̀rín ni mo ń rín lọ́wọ́ tí ọwọ́ mẹ́sàn-án já bọ́ láti inú koríko, tí gbogbo wọn dì mọ́ mi lọ́rùn. Iwin náà kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n àwọn ọwọ́ rẹ̀ mọ ọrùn mi. Ojú mi ti ń ṣú. Mo ti ọwọ́ bọ àpò ọdẹ mi, ẹ̀tù wà lókè níbi tí mo máa ń fi sí, ọta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó sẹ́jú, mo ti ki ìbọn, ó ti dún, ọwọ́ mẹ́sàn-án sì ti fọ́n ká sí ọ̀nà mẹ́sàn-án. Ẹnu orí igi ń sunkún pé yóò gbà á tó ọdún mẹ́wàá kí òun tó tún kó wọn jọ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibẹ̀ ni ìgbéraga ti bá mi jókòó lórí kùkùté igi. Mo wo àpò ọdẹ mi, mo ní, wo bó ṣe gbà mí. Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi láti máa di àpò nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni bàbá tirẹ̀ ṣe kọ́ ọ: ohun tí a máa kọ́kọ́ lò ni kó wà lókè pátápátá. Mo wá wo àpótí Dọ́káàsì. Kí ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè lẹ́nu ibodè? Ohùn ni. Níbo ni Ohùn wà? Nínú yàrá kẹta, lẹ́yìn ìwé, lẹ́yìn Òṣìṣẹ́, lẹ́yìn àwọn alábàáṣe! Mo mi orí. Mo ní ọmọ yìí gbọ́n, ṣùgbọ́n orí ẹní ni ó ti di ẹrù yìí, kò rin ọ̀nà igbó rí.

Mo mú ọ̀bẹ ọdẹ, mo ká ìda náà kúrò lódidi. Kò sí ìlà kan tó bàjẹ́ nínú àtàǹpàkò rẹ̀. Kò sí ọdẹ mìíràn ní gbogbo ilẹ̀ wa tó lè ká a bẹ́ẹ̀. Mo fi iṣẹ́ náà yangàn fún ara mi, Ọlọ́run foríjì mí.

Mo gbé Ohùn jáde, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ ìdérí, lóde yàrá ńlá. Mo fi ìwé ẹnu ọ̀nà wé ìgò náà kó má baà fọ́. Mo kó àwọn alábàáṣe lọ sí yàrá kẹta láàárín àwọn lẹ́tà, nítorí ibẹ̀ rọ̀ wọ́n lọ́rùn ju ibi tí wọ́n wà lọ.

Òṣìṣẹ́ dìde dúró. "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, yàrá kẹta ni Ìyá wa Dọ́káàsì ní kí n na ọwọ́ sí bí mo bá ń fẹ́ Ohùn."

"Ìwọ náà yóò rí i. Ẹ̀gbẹ́ rẹ níbí ló wà, ó ń tàn."

"Mi ò ní ojú, bàbá. Ibi tí wọ́n sọ fún mi nìkan ni mo mọ̀."

"Fáìlì lásán ni ọ́," ni mo wí fún un. "Jókòó." Mo pa ìdérí dé, mo gbé ìda padà sí ipò rẹ̀, mo fi iná yọ́ etí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wò ó yóò búra pé ọwọ́ kan kò kàn án.

Mo dé odò kan. Ìyá arúgbó kan ló ń tu ọkọ̀ níbẹ̀, kì í sì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ èrò ju ìdáhùn sí àlọ́ lọ. Nígbà tí a dé agbedeméjì odò, ó gbé àjẹ̀ sókè, ó ní:

"Ọdẹ, kí ni ohun tó wà níwájú ènìyàn, tí ẹnikẹ́ni kò jí, tí kò fọ́, tí kò dà sílẹ̀, tó sì ti sọnù?"

"Òjìji ni!"

"Kì í ṣe òjìji."

"Ẹran tí ìbọn tàsé ni. Ìyẹn kò sì ṣẹlẹ̀ sí mi rí."

"Ẹnu rẹ tóbi ju ìbọn rẹ lọ," ni ó wí. "Àpótí rẹ ń dún. Ó ń dún bí ilé tí wọ́n ń kó kúrò nínú rẹ̀."

"Ìyá, etí yín ló ń dún. Ọjọ́ ogbó ni."

Ó tún fi àjẹ̀ bọ omi. "Bèbè odò tí a ti kúrò kò tíì jìnnà," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Bí o bá fẹ́ padà lọ bá ẹni tó di ẹrù náà, n ó tù ọ́ padà lọ́fẹ̀ẹ́."

Mo ní kó máa tù ú lọ. Kò sí ẹni tó lè mú kí n padà lẹ́yìn lọ́jọ́ náà.

Báyìí ni mo dé Ìlú Àfọwọ́mọ̀. Àwọn ará ibẹ̀ kò ní ojú rárá. Ibi tí ojú ń gbé, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí iwájú orí. Síbẹ̀ mi ò rí ìlú tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Nínú gbogbo ilé, ìkòkò omi wà lápá òsì ilẹ̀kùn, iyọ̀ wà lórí pákó kejì. Àlejò lè wọ ilé tí kò wọ̀ rí kó sì bu omi mu láìbèèrè. Nígbà tí mo rí iyọ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ rántí ilé Dọ́káàsì.

Ìyá Oníbodè jáde, obìnrin gíga tí ọwọ́ rẹ̀ gùn bí ẹ̀ka ọ̀pẹ. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìdérí láti kan ẹnu ọ̀nà yàrá ńlá. Ìgò ni ọwọ́ rẹ̀ bá pàdé. Ó dúró.

"Kí ni èyí ń ṣe níta?"

"Ìyá, èmi ni mo gbé e sókè, kí ẹ lè tètè rí i."

"Kí a lè kí ni?"

"Kí ẹ lè rí i."

Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ó ní ká tètè rí i! Ẹ fún bàbá ní omi, oòrùn ti pa á!"

Ìyá Oníbodè kò rẹ́rìn-ín. Ó tú ìwé tó wé ìgò náà, ó fi ìka kà á, ó tẹrí ba, ó sì mí sínú àpótí. Òṣìṣẹ́ dìde. Ó ké pe àwọn alábàáṣe nínú yàrá kejì. Wọ́n ń dáhùn láti yàrá kẹta, "Àwa rèé! Àwa rèé!" ṣùgbọ́n yàrá kejì nìkan ni ó ń gbọ́. Ó na ọwọ́ sí yàrá kẹta láti mú Ohùn, orí alábàáṣe kan ló kàn, alábàáṣe náà sì fi igbe ta. Ó tún na ọwọ́, ó ń fọwọ́ tálẹ̀ kiri, ó ń fọwọ́ tálẹ̀ kiri. Ohùn wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń tàn bí oyin. Òṣìṣẹ́ ṣubú lulẹ̀, kò sì mì mọ́.

Mo ti rí ẹni tó ń fọwọ́ tálẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí mo ti rí i.

Mo kúnlẹ̀. Mo dá gbogbo nǹkan padà sí ipò wọn: ìwé sí ẹnu ọ̀nà, alábàáṣe sí yàrá kejì, Ohùn sí ìkẹta. Ìyá Oníbodè fi ìka kan ṣoṣo kan ìda.

"Òǹtẹ̀ yìí ti kú," ni ó wí.

"Ìyá, ẹ ṣàánú mi. Ohun gbogbo ti padà síbi tó wà."

"Àánú wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ọmọ mi. Èmi, òǹtẹ̀ ni wọ́n fi mí sí ìdí rẹ̀. Ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ ń jẹ́rìí pé òun ló to ohun gbogbo. Lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ mìíràn ti wọ ibẹ̀. Báwo ni n ó ṣe mọ ohun tó fi síbẹ̀, àti ohun tó mú kúrò?" Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹni tó ni àtàǹpàkò yìí, ṣé ó ṣì wà láàyè?"

"Ó wà láàyè."

"Kí lo wá ń sunkún sí? Mo ti mí sí i. Gbé e lọ fún un, jẹ́wọ́ ohun tí o ṣe fún un, kó tún un tẹ̀. Bí àtàǹpàkò rẹ̀ bá ti kan ìda, yóò jí lójú ẹsẹ̀, yóò sì kàwé níbi tó bá wà."

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Kò ní kí n ja ogun. Kò ní kí n pa iwin kankan. Ó ní kí n jẹ́wọ́.

Nígbà tí mo padà dé odò, ìyá atukọ̀ kò tún àlọ́ rẹ̀ pa. Èmi ni mo wí pé, "Ife afọ́jú tí wọ́n gbé sún ni." Ó mi orí, ó sì tù mí kọjá.

Mo sáré títí mo fi délé. Bí mo ṣe ṣí ilẹ̀kùn Dọ́káàsì ni mo bá gbogbo àwọn mọ́kàndínlógún náà, wọ́n wọ aṣọ mímọ́, wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, àlùfáà sì jókòó láàárín wọn. Wọ́n ti gbọ́ ẹsẹ̀ mi láti òkèèrè.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Dọ́káàsì wí láti orí ẹní, "ṣé wọ́n gbà á?"

Gbogbo ojú tí kò ríran yẹn yí sí mi. Èmi tí ìjì yà fún! Mo ya ẹnu láti sọ òtítọ́, ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ara mi ni, "Wọ́n gbà á. Wọ́n ní lọ́jọ́ kẹta ni yóò jí." Ìjọ hó yèè. Wọ́n gbé orin ọpẹ́, èmi náà sì bá wọn gbè é.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Dọ́káàsì fa àpótí mọ́ra. Ó fi ìka yí ìda náà po jẹ́jẹ́. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí mi, ó ya àtàǹpàkò rẹ̀ sọ́tọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí ohun tí ẹ fẹ́ kí n bá yín ṣe?"

Mo di ọwọ́ náà mú bí ẹni ń kí aláìsàn. Mo ní, "Sinmi, kò sí nǹkan kan."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó tún na ọwọ́ náà. Ó bi mí ní ohun kan náà, mo dáhùn bákan náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ó tún bi mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀yin ọmọ Ìwé Mímọ́! Àkùkọ kankan kò kọ lágbàlá wa láti bá mi wí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ìjọ tún pé. Mo ta aṣọ sí ìgbèrí Dọ́káàsì, mo ní iná kò gbọdọ̀ tan sí àpótí. Mo gbé àpótí sẹ́yìn aṣọ náà, mo fa ìjókòó kan sún mọ́ ọn, mo ṣí ìwé, mo sún ohùn mi sí imú, mo sì ka ẹsẹ tí ìyá wa máa ń kà. Mo kà á dáadáa. Àwọn mọ́kàndínlógún náà sunkún ayọ̀. Arúgbó kan tó ń jẹ́ Bàbá Àlàó ń tún un sọ pé, "A ò ní dúró de ẹnikẹ́ni mọ́. Ọjọ́ Ajé pàápàá, n ó gbọ́ ọ." Wọ́n dìde lọ, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń yin Ọlọ́run.

Ilé pa rọ́rọ́. Mo ṣì wà lẹ́yìn aṣọ, ìwé wà lórí itan mi.

"Họ́wù," ni Dọ́káàsì wí jẹ́jẹ́, "ewúrẹ́ yìí mọ̀wé kà."

Mo gbọ́ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń kan ẹní. Ó na ọwọ́ sí ọ̀tún, ìgbọ̀nwọ́ kan sí orí rẹ̀, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó ń fọwọ́ tálẹ̀, ó ń fọwọ́ tálẹ̀ kiri. Mo bojú wolẹ̀. Ife náà wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Èmi ni mo gbé e sún sẹ́yìn, bí ìka mẹ́rin, kí n lè ráyè gbé ìjókòó mi.

"Ta ló gbé ife mi?"

Mo fa aṣọ náà ya, mo wólẹ̀ tì í. "Èmi ni, Dọ́káàsì! Èmi ni mo gbé e. Èmi ni láti ìgbà yẹn wá. Mo ká òǹtẹ̀ rẹ, mo da àpótí rẹ rú, àtàǹpàkò rẹ nìkan ló kù, wò ó, ìda rèé, tẹ̀ ẹ́!" Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti kùkùté igi títí dé odò, n kò sinmi láti mí. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ọwọ́ rẹ̀ ti dúró lórí ilẹ̀ tútù níbi tó yẹ kí ife wà. N kò mọ ibi tí ó gbọ́ ọ dé kó tó kú. Mo gbé àtàǹpàkò náà, mo fi tẹ ìda, mo tún fi tẹ̀ ẹ́. Ìda kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Àlùfáà gbọ́ ìjẹ́wọ́ mi, ìjọ dárí jì mí. Mo gbà gbọ́ pé Ọlọ́run náà dárí jì mí. Ṣùgbọ́n nínú kọ̀ǹpútà tó wà lábẹ́ aṣọ funfun ní igun yẹn, àpótí Dọ́káàsì wà níbẹ̀ títí di òní. Ohun gbogbo wà nípò rẹ̀. Òṣìṣẹ́ na ọwọ́ sí yàrá kẹta, Ohùn wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ ni kò jẹ́ kó gbé e. Nínú àwọn mọ́kàndínlógún, mẹ́fà ló kù. Èmi ni mò ń kàwé fún wọn láti ọjọ́ Ajé títí dé Àbámẹ́ta, ìdí tí mo fi gba iṣẹ́ ẹnu ọ̀nà yìí nìyẹn. Ẹ̀yin náà sì ń gbọ́ bí ohùn mi ṣe ń tán lọ.

Oyèníkẹ́, o ti dá àwòrán yẹn padà? Yàrá wo lo dá a padà sí? Ó dára.

Ibi tí mo ti gbé ìtàn yìí, ibẹ̀ náà ni mo dá a padà sí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sún un.